Owó Títọrọ Lórí Afẹ́fẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Bíbọ́ Rédíò Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Láti ìgbà tí òfin ọdún 1992 ti dá Àjọ Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Orílẹ̀-Èdè, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí NBC, sílẹ̀, tí ìjọba sì gbà pé ohùn tí ń gba ojú ọ̀run kọjá kì í ṣe ohun tí òun nìkan gbọdọ̀ ni, ni ọ̀nà ti ṣí fún oríṣi ilé-iṣẹ́ rédíò mẹ́ta tí ń bá ara wọn gbé láàárín wa: ti ìjọba, tí àpò ìlú ń bọ́, ti oníṣòwò, tí ìpolówó ọjà ń bọ́, àti ti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú ti ará ìlú, tí òfin ní wọn kò gbọdọ̀ torí èrè ṣiṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ ta ni ó yẹ kí ó máa bọ́ wọn. Yunifásítì Èkó ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ rédíò ọgbà ní ọdún 2002. Lónìí, Ifẹ̀ ní Great FM lórí 94.5, Ìlọrin wà lórí 89.3, Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948 sì ní Diamond FM lórí 101.1, tí ohùn rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ń gbé Ajíbọ́dẹ, Òjóò, Ṣáṣá tàbí Apẹ̀tẹ̀.

Ajíbọ́dẹ tí mo dárúkọ yìí yẹ ní fífi ojú sí, nítorí pé àwòrán ọ̀rọ̀ náà hàn níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Abúlé àgbẹ̀ ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ẹ̀bá ọgbà Yunifásítì, tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ti wá yí ká títí tí onílẹ̀ àti àlejò fi di aládùúgbò. Kò sí ìyàn rédíò níbẹ̀: Amúlùúdùn FM ti ìjọba àpapọ̀ ń sọ Yorùbá lórí 99.1 láti Mọ́níyà tí kò jìnnà, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ìgboro sì ń dún láti òwúrọ̀ di ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, tí ó sì wọ inú ọgbà Yunifásítì tí ó gbé ẹja oko rẹ̀ lọ, yóò mọ̀ pé ohùn tí ó mọ afárá tí omi ti wó yàtọ̀ sí afárá tí ó ṣì dúró kì í ṣe ohun tí a ń fi tayín.

Iṣẹ́ rédíò ọgbà, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìròyìn lẹ́yìn ìdánwò, olùkọ́ tí ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ darí ètò, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àṣeyẹ sì ni. Ó ku ohun tí ìfẹ́ kò lè rà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tí a kó sí ìsọ̀rí kìíní nínú àwọn oníná bẹ̀rẹ̀ sí san ₦225 fún ìwọ̀n iná kan náà tí wọ́n ń ra ní nǹkan bí ₦68 tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ṣe. Nítorí náà ni ìbéèrè náà ṣe wà níwájú gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣé kí wọ́n la ẹnu lórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tí ń gbọ́ wọn, tàbí kí wọ́n wá ibòmíràn gbà? Ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń fún un kò ṣọ̀kan.

Àwọn tí wọ́n ní onílé ni kí ó tún ilé rẹ̀ ṣe

Èrò kìíní, tí ó sì rinlẹ̀ jù láàárín àwọn olùkọ́, ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ìwé àṣẹ ni kí ó gbé ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ ni rédíò jẹ́ fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí oko ti jẹ́ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, a kò sì tí ì gbọ́ ọ rí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń bẹ àwọn èrò ọjà kí wọ́n bá òun ra ọkọ́ àti àdá tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ ebè. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó tí ó bá ti wà nínú ètò ìnáwó ọdún a máa dé ní àkókò tí a mọ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a sì lè dá ètò oṣù mẹ́fà síwájú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni iyì ilé-ẹ̀kọ́ náà a wà lára rẹ̀, nítorí pé ojú tí Yorùbá fi ń wo atọrọjẹ kò dára, ọgbà tí ó ti tọ́ ọ̀mọ̀wé fún gbogbo Áfíríkà kò sì ní fẹ́ kí a ka òun mọ́ wọn.

Síbẹ̀, àlejò kò lè ní kí onílé tí ebi ń pa se oúnjẹ. Àwọn yunifásítì ìjọba fúnra wọn ń ké fún owó. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní ọdún 2022, tí ó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, ti fi èyí hàn fún ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó bá sì wọ́n, ohun tí kì í ṣe kíláàsì ni a kọ́kọ́ ń gé. Ohun kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí ó bá di ọjọ́ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ sókè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde sí ojú títì, ohùn tí ọ̀gá àgbà ń bọ́ ni a ń retí pé kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú ìtàn òkèèrè pẹ̀lú, onílé a máa kú mọ́ àlejò lójú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Upsala ní New Jersey ní Amẹ́ríkà ni ó ni rédíò WFMU láti 1958. Ní 1995 gbèsè pa kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Rédíò rẹ̀ kò bá a kú, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é ti ra ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ burúkú tó dé, àwọn olùgbọ́ ni wọ́n sì ń gbé e ró títí di òní.

Àwọn tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá a

Èrò kejì ni pé kí a fi owó kékeré kún owó ilé-ẹ̀kọ́ olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ Kánádà ni a ti rí i jù: CKUT ti Yunifásítì McGill ní Montreal ń jẹ nínú irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà sì ń ṣe bákan náà. Dídára rẹ̀ kò pamọ́: owó náà dájú, ó sì kéré lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àṣẹ lè tú ohun tí àṣẹ dì. Ní 2019, ìjọba Ontario ní kí irú owó bẹ́ẹ̀ di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ̀, ìpayà sì bá gbogbo rédíò ọgbà ibẹ̀ títí ilé-ẹjọ́ fi wọ́gi lé àṣẹ náà nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Kí a má sì rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe onílé líle: ní Brisbane ní Ọsirélíà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá rédíò 4ZZZ sílẹ̀ ní 1975 nínú ọgbà Yunifásítì Queensland, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni wọ́n sì lé e jáde níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1988.

Ní ti wa, mo kà á sí èrò tí kò bá ìgbà mu. Òbí tí ń ta ẹ̀gẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè wọlé ìdánwò ti ń san orúkọ owó púpọ̀ tó. Àgbẹ̀ Ajíbọ́dẹ tí ń gbọ́ ètò náà láti òwúrọ̀ kò sì ní sí nínú ìṣirò, kò ní dá kọ́bọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ohun tí ó fẹ́ gbọ́.

Àwọn tí wọ́n ní kí ọjà gbé e

Ẹgbẹ́ kẹta ń sọ pé ìtìjú kò sí nínú òwò. Ṣáṣá ní ọjà tòmátì àti ata tí ọkọ̀ ń ti òkè ọya wá bá. Òjóò ní ibùdókọ̀ tí ilẹ̀ kì í ṣú. Ní Ajíbọ́dẹ ẹlẹ́ja wà, aránṣọ wà, onígáàsì ìdáná wà, onílé tí ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbé yàrá rẹ̀ sì pọ̀ bí eṣú. Àwọn wọ̀nyí kò ní agbára láti san iye tí ilé-iṣẹ́ ńlá ìgboro ń gbà, ohùn tí yóò pe aládùúgbò wọn nìkan ni wọ́n sì nílò. Bí a bá gba owó kékeré lọ́wọ́ wọn fún ìkéde, tí a gba ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó kún un, ó ṣeé ṣe kí owó epo jáde láìtọrọ. Ẹni tí ó bá fojú kéré èrò yìí kò mọ bí ọjà ti jẹ́ ọkàn ìlú Yorùbá.

Ewu rẹ̀ wà nínú òwe àwọn baba wa: bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Oníṣègùn tí ń ta àgbo gbogbo-n-ṣe kì í pẹ́ dé sí ibi tí àyè ìpolówó bá ti ṣí, olóṣèlú kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé e, pàápàá bí ìdìbò bá ń súnmọ́lé. Nítorí irú èyí ni òfin Amẹ́ríkà ṣe gbà fún rédíò tí kì í ṣe ti èrè pé kí ó dárúkọ ẹni tí ó fún un lówó, ṣùgbọ́n tí ó kà á léèwọ̀ fún un láti sọ iye ọjà, láti fi ọjà kan wé òmíràn, tàbí láti ní kí olùgbọ́ lọ rà á. WFMU tilẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ pátápátá. Kò gba onígbọ̀wọ́ kankan lórí afẹ́fẹ́. Ohun kan sì tún wà tí àwọn oníròyìn owó kì í sábà kà mọ́ ọn, tí mo rò pé ó wúwo jù: ọ̀dọ́ tí ó fi ara rẹ̀ jìn láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú, bí ó bá wá rí i pé ọtí àti ọṣẹ ilé-iṣẹ́ kan ni ohùn òun ń tà, ìfẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tutù, yóò sì béèrè owó oṣù, ní òdodo.

Àwọn tí wọ́n ní kí a tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbọ́

Ẹgbẹ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ yìí torí wọn wáyé. Orísun èrò wọn ni Berkeley ní California, níbi tí Lewis Hill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá KPFA sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1949, rédíò tí kò ní ìpolówó, tí kò ní ìjọba lẹ́yìn, tí ó sì gbé gbogbo ara lé olùgbọ́. Hill ṣírò pé bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń gbọ́ bá ń dáwó lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ náà yóò dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn: ní 1950 owó tán, ohùn náà dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn olùgbọ́ ni wọ́n sì kówó jọ tí ó fi padà sórí afẹ́fẹ́ ní 1951. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn. 3RRR ní Melbourne, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní 1976, a máa ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi pe olùgbọ́ kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì sanwó ọdún. Irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí 4ZZZ tí a lé jáde nínú ọgbà kú. WFMU ń fi ọ̀sẹ̀ méjì péré tọrọ lórí afẹ́fẹ́ lọ́dún, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe ìtọrọ náà fúnra wọn.

Àwọn kan nínú wa yóò ní àṣà òyìnbó ni èyí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Láti 1939 tí Rediffusion, rédíò olókùn, ti dé Ìbàdàn ni baálé ilé ti ń sanwó oṣooṣù kí àpótí náà lè máa sọ̀rọ̀ lára ògiri rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọ̀ranyàn ni ti ìgbà náà, tí a ń já okùn rẹ̀ bí a kò bá san. Èésú àti àjọ wà ṣáájú ilé ìfowópamọ́. Ìkórè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdáwó fún kíkọ́ mọ́sáláṣí wà, ọmọ ìlú sì ti dáwó kọ́ gbọ̀ngàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìgbẹ̀bí láìdúró de ìjọba. Lórí rédíò ìgboro lónìí, a ń gbọ́ ọ tí a ń bẹ olùgbọ́ nítorí aláìsàn tí kò rówó iṣẹ́ abẹ san, owó náà a sì máa dé. Àgbájọ ọwọ́ kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Olúyọ̀lé.

Agbára èrò yìí ni pé kò sí ẹnì kan tí ó tóbi tó láti dá ohùn náà dúró. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá dá ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lóru kí ó ní kí ìròyìn kan má jáde. Òṣùwọ̀n pẹ̀lú ni: ètò tí olùgbọ́ kò bá lè ná ọgọ́rùn-ún náírà lé lórí ń sọ nǹkan fún àwọn tí ń ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò fún àwọn tí kò ní ọgọ́rùn-ún náírà kò gbọdọ̀ tìtorí èyí kú.

Àìlera rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú, kí a má fi ìfẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìtọrọ ń jẹ àkókò. Bí gbèsè bá ti ń ga ni ọjọ́ ìtọrọ ń gùn, títí tí olùgbọ́ yóò fi yí orí rédíò rẹ̀ sí ibòmíràn. WBAI ní New York, àbúrò KPFA, rìn ní ọ̀nà yìí títí ìtọrọ fi gba púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀, gbèsè kò sì tán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni àwọn tí ó ni ín dá ètò ibẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí owó. Èkejì jẹ́ tiwa gan-an. Yorùbá fẹ́ràn kí a kì wọ́n. Bí a bá ka orúkọ olówó tí ó dá ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà pẹ̀lú oríkì àti ìlù, tí a sì fi orúkọ ìyá ẹlẹ́wà tí ó dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pamọ́, a ti tún olówó kan ṣoṣo tí a ń sá fún gbé gorí ìtẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ aláìsàn tí mo mẹ́nu bà: ọjọ́ tí ọmọdé kan wà ní ilé-ìwòsàn UCH tí ń retí àánú, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo ni yóò ní kí a kọ́kọ́ ra epo jẹnẹrétọ̀? Ẹ̀kẹrin ni ìfọkàntán. Jìbìtì ti sọ etí àwọn ènìyàn di líle sí nọ́ńbà àkáǹtì tí a bá kà lórí afẹ́fẹ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Láàárín ẹgbẹ́ yìí náà, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí a tọrọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí gbogbo ilé mọ̀ pé ọjọ́ náà dé. Àwọn kan ní kí a fún olùdáwó ní ẹ̀wù tàbí fìlà, àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn tí a ń fún ẹni tí ó fúnni ń sọ ọrẹ di òwò. Ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo wà, kí ohun tí a ń tọrọ fún sì ní orúkọ: kí olùgbọ́ mọ̀ pé bátìrì iná òòrùn ni, tàbí irin tí ń gbé ohùn sókè, kí a sì padà wá sọ fún un lórí afẹ́fẹ́ kan náà iye tí a rà á àti iye tí ó kù.

Àwọn tí wọ́n ń wo òkè òkun

Ti ẹgbẹ́ karùn-ún kò gba àkókò púpọ̀. Owó ìrànwọ́ àwọn àjọ òkèèrè ti gbé rédíò ará ìlú dìde ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, ó sì dára fún ríra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í ra epo ojoojúmọ́ ń kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ní 2025 nìkan, ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa, ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ sì gba bílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là padà lọ́wọ́ àjọ tí ń bọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ará ìlú ní ilẹ̀ tirẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n wà ní London àti Houston ni mo yọ sílẹ̀ nínú èyí. Àwọn wọ̀nyí lè máa gbọ́ ohùn ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùgbọ́ ni wọ́n, kì í ṣe àjọ.

Ohun tí kò tí ì yanjú

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣókùnkùn ni ìṣirò Hill. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá Berkeley mu, láàárín àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n sì ní ìwé sọ̀wédowó lọ́wọ́, kò tí ì di ohun tí a lè fi búra fún ní Ajíbọ́dẹ, níbi tí ìdajì àwọn olùgbọ́ lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dúró de owó láti ilé. Èkejì ni èdè: bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú ètò, ojú wo ni a ó fi tọrọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Yorùbá? Ẹ̀kẹta ni àkókò, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì kan ṣoṣo lè tú gbogbo olùgbọ́ ká kí ọjọ́ ìtọrọ tó pé. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀tọ́: bóyá ẹni tí ó dáwó yóò ní ìbò nínú bí a ti ń darí ilé-iṣẹ́ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà ní orúkọ Yunifásítì.

Èyí tí ó le jù ni àpò tí owó náà yóò wọ̀. Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, yunifásítì pẹ̀lú, máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀, láti dí ọ̀nà ìwà ìbàjẹ́. Bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ìyá ẹlẹ́wà bá wọ ibẹ̀, yóò ha jáde ní ọjọ́ tí epo bá tán? Bí kò bá sì wọ ibẹ̀, lábẹ́ orúkọ ta ni yóò wà, ta ni yóò sì yẹ ìwé rẹ̀ wò? Mo bẹ àwọn aláṣẹ ọgbà, mo bẹ àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, kí wọ́n jókòó pọ̀ dáhùn èyí, kí wọ́n yan àwọn olùṣọ́ owó láti inú ọgbà àti láti ìta rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan ka nọ́ńbà àkáǹtì sí olùgbọ́ létí.